Ohùn Agbàpè Inú Géèmù

Ọ̀gá yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí agbàpè, obìnrin tó ń gba ìpè pàjáwìrì, ó sì ní kó jókòó. Fídíò kan ti ń lọ lójú ẹ̀rọ náà. Áńbúláǹsì kan ń sáré lójú títì tí òjò ti rẹ, àwọn igun mẹ́rin-mẹ́rin aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò ara rẹ̀ ń dán, iná búlúù orí rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Agbàpè kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ tòótọ́ ni. Ìgbà tó rí ẹnì kan tó ń kọjá létí títì, tó ń rìn bí ẹni tí orúnkún rẹ̀ kì í ṣẹ́, ló tó mọ̀ pé géèmù ni.

“Fetí sí i,” ni ọ̀gá wí.

Ohùn obìnrin kan jáde, ohùn ẹ̀rọ tó gbẹ bí igi. “Mo wà níbí, mi ò lọ síbì kankan. Ẹ bá mi kà á. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.”

Ohùn ọkùnrin kan dá a lóhùn pé ọwọ́ ti ń ro òun.

“Mo mọ̀. Ẹ máa tẹ àyà wọn lọ. Áńbúláǹsì ti dé ẹnu géètì. Ẹ sáré lọ ṣí i, kí ẹ sì padà.”

Agbàpè mọ ọ̀rọ̀ náà. Òun ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti sọ ọ́ nínú yàrá ìgbàpè, fún ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Obìnrin náà kú. Ìpè tí agbàpè ti gbà látìgbà náà ò níye, àmọ́ ìyẹn há sí i lọ́kàn bí eegun ẹja tó há sọ́nà ọ̀fun.

“Mo tún ohùn tí a gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gbọ́ láàárọ̀ yìí,” ni ọ̀gá wí. “Mo fi méjèèjì wéra. Ọ̀rọ̀ wọn bára mu dé orí ibi tó o ti ń dánu dúró.”

“Èmi kọ́, mà.”

“Mi ò tíì ní ìwọ ni. Ta ló ṣe géèmù náà?”

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú iléeṣẹ́ wọn pé ọkọ agbàpè ni.

“Ọkọ rẹ ló wá ya àwòrán àwọn ọkọ̀ wa lọ́dún tó kọjá,” ni ọ̀gá tún wí. “Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda. Tí wọ́n bá ń bi ọ́, wọ́n á bi èmi náà. Ohun tí aráàlú bá sọ fún wa nínú yàrá yẹn, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kú sí. Ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́sàn-án, mo fẹ́ àlàyé lórí ìwé. Má sì bá ẹni tó pè wá lọ́jọ́ náà sọ̀rọ̀ o. O mọ òfin.”

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé e lọ sílé, ó fi gbogbo ènìyàn tó mọ̀ sórí òṣùwọ̀n. Ó fura sí ọkùnrin tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Àbí kí ló dé tó fi bi í lọ́sẹ̀ tó kọjá pé báwo ni géèmù ọkọ rẹ̀ ṣe ń lọ sí, tó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́? Ó fura sí ẹni tó ń tọ́jú àwọn ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ó fura sí ọ̀gá fúnra rẹ̀, pé bóyá ẹni tó fẹ́ wẹ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ni. Ẹni tí kò fẹ́ fura sí ló fi sẹ́yìn pátápátá, àfi ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ni ìyẹn tó wá dúró sí i lọ́kàn gbọn-in.

Awakọ̀ tírélà ni ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún, ó sì ti di oṣù mẹ́jọ tí dókítà ti ní kó má wakọ̀. Jíjókòó lásán fẹ́ pa á, ló bá kó sínú géèmù. Géèmù tó rà, ọlọ́pàá àti panápaná ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló kún inú rẹ̀, òun àti àwọn mẹ́wàá kan tí kò rí sójú rí sì gbà á kanrí láti yí gbogbo rẹ̀ sí ti ilẹ̀ Bìrìtìkó. Wọ́n tún fìlà ọlọ́pàá ṣe. Wọ́n tún síréènì ṣe kó máa yí ohùn padà bí ọkọ̀ bá dé oríta. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jà lórí àwọ̀ bùláńkẹ́ẹ̀tì inú áńbúláǹsì. Agbàpè máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé àgbàlagbà tó ń ja ìjà bùláńkẹ́ẹ̀tì, ọmọ ló yẹ kó máa bá sùn.

Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ ti lọ síbi tí wọ́n ti ń bá a wọ́ ẹ̀yìn. Ó wọ yàrá kékeré tí kọ̀ǹpútà wà, ó ṣí ìwé tí ọkọ rẹ̀ máa ń kọ nǹkan sí. Ojú ìwé kẹta ló ti bá ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀: “Wọn kì í béèrè pé ṣé ara yín yá. Wọ́n á béèrè pé ṣé ó ń mí.” Ó rántí. Ibi tí wọ́n ti ń jẹun lọ́kọ rẹ̀ ti bi í, ó rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ó ń ṣí i lọ. Nísàlẹ̀ ojú ìwé kan, wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ gbólóhùn kan: “Ìyá Ìbejì ò gbọdọ̀ mọ̀.”

Ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé náà nítan títí kọ́kọ́rọ́ fi yí lẹ́nu ọ̀nà.

“O ti dé,” ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó rí ìwé náà. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé ìrora náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀.

“Bàbá Ìbejì, kí ni mi ò gbọdọ̀ mọ̀?”

“Jẹ́ kí n jókòó ná.”

“Ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ gbé ọ̀rọ̀ ẹnu mi fún àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí. Iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló kù nínú ilé yìí, ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi.”

“Èmi kọ́ ni mo kọ apá yẹn.” Ó rọra jókòó sórí àpótí. “Onísùúrù ló fi ránṣẹ́.”

“Ta ni Onísùúrù?”

“Orúkọ tó ń jẹ́ láàárín wa nìyẹn. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ti tó ọdún kan tó dara pọ̀ mọ́ wa. Ọ̀rọ̀ títì nìkan ló máa ń sọ. Gbogbo ìgbà ló máa ń ní ká ṣí ọ̀nà ẹ̀yìn kan nínú géèmù, bíi ti àdúgbò rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì, pé ọkọ̀ pàjáwìrì gbọ́dọ̀ lè gba ibẹ̀. Lóṣù tó kọjá ló fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́, ìpè pàjáwìrì kan téèyàn máa jẹ́ nínú géèmù, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, pé ká fi kún un. Nígbà tí mo kà á, mo mọ̀ pé ọjọ́ rẹ yẹn ni.”

“Ẹ mọ̀, ẹ sì lò ó.”

“Mo rò pé òṣìṣẹ́ yín kan ló kọ ọ́. Mo rò pé tó o bá gbọ́ ọ, oò ní sùn mọ́. Ìdí tí mo fi kọ ohun tí mo kọ nìyẹn.” Ó wo ilẹ̀. “Iṣẹ́ náà dára ju gbogbo èyí tá a ní lọ. Mi ò lè parọ́ fún ọ. Ojú kòkòrò ni.”

Agbàpè ò mọ̀ bóyá kí òun gba apá kan ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tàbí gbogbo rẹ̀. “Ẹ tan nǹkan náà,” ló wí. “Mo fẹ́ wọ inú rẹ̀ fúnra mi.”

Látọdún mẹ́sàn-án tó ti ń rán áńbúláǹsì jáde, kò wa ọ̀kan rí. Ó kọ lu òpó iná méjì. Ó gun orí òdòdó ẹni ẹlẹ́ni, ọkọ rẹ̀ ò sì gbójúgbóyà láti sọ̀rọ̀. Níkẹyìn ó dé iwájú ilé náà, géètì wà ní títì pa, ohùn ẹ̀rọ sì ní kí ọkùnrin náà lọ ṣí i. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé. Ẹní aláwọ̀ ewé kan wà lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Sálúbàtà ẹsẹ̀ kan dojú bolẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ jáde lójú ẹ̀rọ pé aláìsàn ti kú. Ohùn agbàpè inú géèmù wá tún sọ̀rọ̀: “Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Èmi ni mo ní kí ẹ lọ ṣí i.”

Ó gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

“Mi ò sọ ìyẹn,” ló wí.

“Kí lo wí?”

“Mi ò sọ ọ́ rí. Nígbà tí àwọn tiwa wọlé, ọkùnrin náà gbé fóònù sílẹ̀, ìpè sì já. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn.” Ó ń ro ó bọ̀ díẹ̀díẹ̀. “Àwọn tó wọ ilé rí ẹní àti sálúbàtà, wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ orí fóònù. Àwa tá a gbọ́ ọ̀rọ̀ orí fóònù ò wọ ilé. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́, tó sì tún rí i.”

“Onísùúrù,” ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, ọkọ rẹ̀ pe Onísùúrù níbi tí wọ́n ti máa ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn lórí kọ̀ǹpútà. Agbàpè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti fẹnu kò pé kò ní sọ̀rọ̀, òfin iléeṣẹ́ ò gbà á.

“Ẹ fẹ́ yọ iṣẹ́ mi kúrò, àbí?” ni ohùn ọkùnrin àgbàlagbà kan wí kí wọ́n tó kí i tán. “Mo ti mọ̀ pé ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ni kò jọ òótọ́ níbẹ̀?”

“Kò sẹ́ni tó fẹ́ yọ ọ́, sà. A kàn fẹ́ mọ ibi tí ẹ ti rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.”

“Kí ló kàn yín níbẹ̀? Ta ló rán yín?”

Ọkọ rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ kiri bí ẹni tí àpò rẹ̀ lu. Agbàpè rí i pé tí ọkùnrin yìí bá lọ báyìí, kò ní padà wá mọ́.

“Sà,” ló wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ.”

Ọkọ rẹ̀ yíjú sí i.

“Ẹ tún sọ̀rọ̀,” ni ọkùnrin náà wí.

“Kí ni kí n sọ, sà?”

“Ẹ̀yin ni.” Ó mí kanlẹ̀. “Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe yín ò jọ yín rárá. Ohùn yín nípọn ju ti ẹ̀rọ lọ.”

Agbàpè sọ fún un pé òun ni, pé kò yẹ kí òun bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ní kó fara balẹ̀, pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni òun ní, òun ti gbé e kiri fún ọdún méjì.

“Ẹ ní kí n lọ ṣí géètì. Ṣé torí pé ẹ ti mọ̀ pé ó ti kú ni? Ṣé ẹ kàn fẹ́ kí n kúrò lára rẹ̀ ni?”

“Rárá, sà.”

“Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tù mí o. Àwọn iléeṣẹ́ yín ti fi lẹ́tà dídùn tù mí.”

“Mi ò tù yín. Mo rò pé tí áńbúláǹsì bá tètè wọlé, wọ́n lè gba ìyàwó yín là. Ohun tí mo rò nìyẹn. Mi ò mọ ọ̀nà ẹ̀yìn tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ yín. Kò sí lórí máàpù wa.”

“Èyí tí mo fi sí yín lẹ́nu níparí ńkọ́, ṣé ó ṣeé sọ?”

“Ó ṣeé sọ. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, sà. Ìyẹn dá mi lójú. Ní ti apá kejì, pé ẹ̀bi mi ni, mo ti ń bi ara mi, mi ò tíì rí ìdáhùn.”

“Ó dáa,” ni ọkùnrin náà wí. “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Lẹ́yìn náà ló bi í bóyá wọ́n fẹ́ fìyà jẹ ẹ́. Nígbà tó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, ó ní òun á kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀, pé òun lòun kọ gbogbo rẹ̀ látinú orí ara òun. “Màá kọ ọ́ pé èmi àti ẹ̀yin ò sọ̀rọ̀ rí látọjọ́ náà. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?”

Ọkọ rẹ̀ ń mi orí sí i pé kó gbà. Agbàpè dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó ní kó kọ lẹ́tà rẹ̀, àmọ́ kó yọ ìlà yẹn kúrò.

Ní ọjọ́ Ajé, kó tó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, ó kí ọkùnrin tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ò gbójú sókè dáadáa. “Èmi ni mo fi fídíò yẹn han ọ̀gá,” ló wí. “Mo rò pé wọ́n jí i lọ́wọ́ rẹ ni.” Agbàpè ní òun náà ti fura sí i ní gbogbo ọ̀nà ilé, pé kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Ọ̀gá ka ìwé àlàyé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìka tọ ìlà kan.

“Níbí, o kọ ọ́ pé o bá ẹni tó pè sọ̀rọ̀ ní Sátidé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ẹjọ́ tó wà lọ́rùn rẹ tẹ́lẹ̀ ti tán pẹ̀lú lẹ́tà ọkùnrin náà àti ohun tó kù nínú ìwé yìí. Èyí nìkan ló máa dá òmíràn sílẹ̀.” Ó sún ìwé náà padà, ó gbé bírò lé e. “O lè tún un kọ. Mi ò tíì rí i.”

Agbàpè wo bírò náà. Ó ronú kan ọkọ rẹ̀ tó ń mi orí, ó ronú kan owó ilé ìwé àwọn ìbejì. Ó ronú kan ọkùnrin kan tó ti jókòó fún ọdún méjì, tó ń fura sí ohùn tó gbọ́ lórí fóònù pé ó mọ ohun tí kò sọ.

Ó sún ìwé náà padà síwájú ọ̀gá. “Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mà. Mo sì fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn sórí máàpù. Mo ti yà á sẹ́yìn ìwé.”

Ọ̀gá yí ìwé náà padà, ó fa fìtílà tábìlì mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwòrán náà.