Káàdì Dárasími

“Ṣé ọmọ nọ́ọ̀sì náà ni èéyi mú báyìí?”

Ìyá Jésùtómi ló kígbe bẹ́ẹ̀, lójú gbogbo ìyá tó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárọ̀ Ọjọ́rú. Dárasími ọmọ mi wà lẹ́yìn mi, ara rẹ̀ gbóná janjan, èéyi ti sú bò ó. Salome gba káàdì àjẹsára rẹ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Salome! N kì í fẹ́ rí i sójú. Ìlara ni, kí n má purọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti lò nílé ìwòsàn yìí. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ nígbà tó ti Ìkọ̀yà dé. Ẹ wá wo ayé! Òun ni wọ́n fi ṣe olórí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn ìyá ń pè é ní Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀. Ṣé ẹ̀gún ló wà lọ́wọ́ tèmi ni?

Nígbà tí Dárasími pé oṣù mẹ́sàn-án, tó yẹ kó gba ti èéyi, mo ní kí n lọ máa tọrọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọmọ àná? Ká má rí i. Mo mú káàdì, mo kọ déètì sí i, mo fọwọ́ sí i, láìfún un lábẹ́rẹ́ kankan. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kejì tó, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa òṣìṣẹ́ máa ń ṣe é, ẹnikẹ́ni kì í bi wá léèrè.

“Ó ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì,” ni Salome wí. “Àǹtí, àbí abẹ́rẹ́ inú kúlà mi ló ti bàjẹ́?”

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí i tó ń làágùn lójú àwọn tó ń yìn ín, inú mi dùn díẹ̀. Mo gba káàdì náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ ò gbọ́ bí? Ọmọ tiwọn gan-an gbà á, ó ṣì mú un!” Ìyá Jésùtómi pọn ọmọ rẹ̀, ó jáde. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Salome pa kúlà rẹ̀ dé.

Ara Dárasími yá. Lọ́sẹ̀ kẹta, Ìyá Jésùtómi sáré wọlé. Èéyi ti bo ọmọ rẹ̀, ó ń mí gúlegúle, kò lè sunkún mọ́. Salome na ọwọ́ sí i, Ìyá Jésùtómi kọ̀, ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin nìkan ni mo fọkàn tán níbí. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ lò fún Dárasími?”