Toheebat Kò Kí Ìyá Jóga

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọmọ ọdún mẹ́rin ni Toheebat, kì í sì í kí èèyàn. Bí tírélà símẹ́ńtì bá ti fọn fèrè lójú títì Ìbèsè báyìí, á kó sábẹ́ tábìlì ìránṣọ ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kábíyèsí ìbáà wọlé, ìyẹn ò kàn án.

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá bàbá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Jóga. "Bàlíkísù, bí mo bá tún padà wá tí ọmọ yìí ò kí mi, Jóga ni mò ń mú un lọ. Èmi á kọ́ ọ." Ìyá Jóga kì í sì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ọmọ kan ṣoṣo tí Bàlíkísù bí!

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ ọmọ. "Ẹ̀rù kí ló ń bà ẹ́? Jáde, kúnlẹ̀!" Ṣé igbe ni wọ́n fi ń lé ẹ̀rù? Ọmọ túbọ̀ ń rá wọlé ni.

Lọ́jọ́ kan, táyà tírélà kan bẹ́, gbàù! Bàlíkísù fò sókè, àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Toheebat yọrí lábẹ́ tábìlì. "Mọ́mì, ṣé ẹ̀rù bà yín?"

Irọ́ ti dé ẹnu ìyá tán, àmọ́ ó gbé e mì. "Ó bà mí o. Àyà mi ṣì ń lù kì kì kì. Wá gbọ́." Ọmọ jáde, ó fi etí lé àyà rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ní ẹgbẹ́.

Láti ọjọ́ náà, bí fèrè bá dún, wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú títí tírélà á fi kọjá. Ibẹ̀ náà ni Bàlíkísù ti ń kọ́ ọ: ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. "Kò sí ohun tó ń ṣe èèyàn tí Yorùbá ò ní ìkíni fún." Ọmọ ń mi orí. Kíkí ńkọ́? Rárá o!

Ìyá Jóga dé lọ́sàn-án Àlàmísì lórí ọ̀kadà, tòun ti àpò gààrí. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni tírélà kan ré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fìà! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí gèlè lórí màmá. Ó bú awakọ̀ náà tẹ́rùn, ó gbé gààrí karí, ó sì wọ ṣọ́ọ̀bù. Bàlíkísù ti kúnlẹ̀. Toheebat ti wà lábẹ́ tábìlì.

"Ó dáa," ni Ìyá Jóga wí. "Di ẹrù rẹ̀."

Omi lé ròrò sójú Bàlíkísù. Ìgbà náà ni ọmọ rá jáde, tó ń wo etí ìró màmá. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ẹ̀rù o, Ìyá Jóga."

"Háà! Ó kí mi!" Màmá sọ gààrí kalẹ̀. "Ó ní mo kú ẹrù. Òótọ́ ni, ọmọ mi, gààrí yìí wúwo."

"Kì í ṣe ẹrù. Ẹ̀rù ni. Ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n."

Yéè! Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà? Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà náà, Bàlíkísù á kó sí i. Ìyá Jóga wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lóòótọ́ ló ń gbọ̀n. Ó rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Láti àádọ́rin ọdún," ló wí, "kò sí ohun tí wọn ò tíì kí mi kú. Kò sẹ́ni tó kí mi kú ìyẹn rí." Ó wo ọmọ náà. "Báwo ni wọ́n ṣe ń dá a lóhùn?"

Toheebat ronú díẹ̀. "Ẹ máa di ọwọ́ mi mú ni."

Màmá dì í mú. Tírélà kan fọn fèrè, ó kọjá, òmíràn tẹ̀lé e, màmá ò fi ọwọ́ ọmọ sílẹ̀. Nígbà tó pẹ́, Bàlíkísù rọra béèrè bóyá kí òun ṣì di ẹrù ọmọ náà.

"Ẹrù wo?" ni Ìyá Jóga dáhùn.