Ẹni Tí A Kò Kí

Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà, tí wọ́n sì ní kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù wá sí ilé epo ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè mọ́, áńbúláǹsì ilé ìwòsàn wa lójú ọ̀nà Ìpókíá di ibi tí adìẹ ń yé sí. Nọ́ọ̀sì Àrìnpé ló ká lára jù nínú wa.

Láti ìgbà tí ìkókó kan ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ni kì í ti í gbẹ̀bí mọ́. Aboyún bá ti ń rọbí, Ìlaró ló ń ní kí wọ́n gbé e lọ. Wàyí o, kò sí ohun tó máa gbé e dé Ìlaró.

Mètírọ́ọ̀nù Lábísí, ọ̀gá wa, gbé ọmọláńgidi sórí tábìlì. Láràárọ̀ ni Àrìnpé ń fi rọ́bà tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìkókó nímú kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká ju ti gbogbo wa lọ. Ṣùgbọ́n bí aboyún bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ yẹn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Ẹnu kì í sá rí ohun tí yóò sọ tì.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Mètírọ́ọ̀nù mú mi dání, ó di ilé Àrìnpé. Ó jókòó sórí ẹní, bí a ti ń jókòó nílé ọ̀fọ̀.

"Àrìnpé, o kú ìrọ́jú ọmọ tó lọ."

"Màmá, ọmọ ọlọ́mọ ni."

"Mo mọ̀. A kí ìyá ẹ̀, a kí bàbá ẹ̀. Ta ló kí ìwọ tó kú sí lọ́wọ́? Iṣẹ́ la ní kó o padà sí. Má bínú."

Òótọ́ ni. A kì í kí nọ́ọ̀sì. Àrìnpé sunkún, a kò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tí ì parí tí Toheebat, ìyàwó ọlọ́kadà kan, fi bímọ sọ́dọ̀ wa. Ọmọ náà kò ké. Mo wo Mètírọ́ọ̀nù, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo Àrìnpé. Àrìnpé ti nu ọmọ, ó ti gbé rọ́bà lé e nímú, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ sín, ó ké.

Àwọn ará ilé ya wọlé, wọ́n yí ìyá ọmọ ká, wọ́n ń kí i. Àrìnpé ti wà nídìí omi, ó ń fọ rọ́bà. Mètírọ́ọ̀nù kọjá lára gbogbo wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ.

"Àrìnpé, o kú ewu ọmọ."

Ó nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀, ó dáhùn bí ìyá ọmọ ṣe ń dáhùn.

"Ewu iná kì í pa àwòdì, Màmá."