Àbàwọ́n Inú Awò Gígùn

Iṣẹ́ àtúnṣe aago ni mo ń ṣe. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń há awò kékeré sí ojú ọ̀tún, tí mo ń di tòsì, tí mo ń wo eyín aago tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tí ojú jẹ́ fún mi. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Èmi, òun ni mo fi ń jẹun.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo rí irun kan lórí aago ọwọ́ oníbàárà. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò lọ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, kò lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, irun náà wà lára ògiri. Mo wo ilẹ̀, ó wà nílẹ̀. Mo jókòó jẹ́ẹ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Èmi gan-an, mi ò tíì sọ fún ara mi tán.

Ibi tí mo wà nìyẹn nígbà tí Màmá Tíṣà ránṣẹ́ pè mí.

Opó ni Màmá Tíṣà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ilé rẹ̀ sì ni ilé ìkẹyìn ní òpópónà wa, níbi tí iná títì kò dé. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn ìràwọ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ó fi awò ìràwọ̀ méjì sílẹ̀ fún un, ọ̀kan gùn, ọ̀kan sanra. Mo bá àwọn méjèèjì ní ẹ̀yìnkùlé, lórí sìmẹ́ǹtì, bí àlejò méjì tí wọn ò jọ ń sọ̀rọ̀.

"Aláago, o dé. Mo rò pé aago tìẹ ti kú ni."

"Ẹ má bínú, Màmá. Aago aláago ni kì í jẹ́ kí n rí tèmi wò."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ọ̀la ni ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó ẹrù òun. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń lọ, wọ́n sì ti fún un ní yàrá kan ní àjà kẹta, pẹ̀lú bákónì tóóró kan tí kò ju ibi tí èèyàn lè sá aṣọ sí lọ.

"Ẹyọ kan ló lè gbà níbẹ̀. Èyí tí mo bá fi sílẹ̀, mo ti bá onírin àlòkù sọ̀rọ̀, á wá gbé e."

"Kí ló dé tí ẹ ò fún èèyàn?"

"Ta ló fẹ́? Wọ́n ní inú fóònù làwọn ti ń wo òṣùpá."

Ohun tó tìtorí rẹ̀ pè mí ni pé àpótí kékeré kan wà lábẹ́ èyí tó gùn, ó ní eyín àti sipíríìngì bí aago. Bí èèyàn bá wáyìn ín, á máa yí awò náà díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ lé òṣùpá, nítorí òṣùpá kì í dúró de ẹnì kan. Àpótí náà ti dákẹ́. Mo tú u. Epo inú rẹ̀ ti gbẹ bí oje igi. Mo fọ̀ ọ́, mo kán epo tuntun sí i, mo wáyìn ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ míì tí mo lè lò. Ó ń mí.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà náà. Mo ń kó irinṣẹ́ mi, kí n máa lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí n wo nǹkan.

"Jókòó," ni Màmá Tíṣà wí. "Ìwọ lo máa bá mi yàn án."

Mo gbé àpò irinṣẹ́ mi kalẹ̀.

"Màmá, èmi? Kí ni mo mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìràwọ̀?"

"O mọ ojú lò. Méjèèjì ló dára lójú tèmi, arúgbó sì ni ojú tèmi. Ìwọ lò ń rí eyín aago. Èyí tó o bá ní ó dára jù ni mo máa gbé lọ."

Mo jókòó.

Èyí tó sanra la kọ́kọ́ wò. Ó rí bí àgbá omi tí wọ́n gbé ka inú àpótí pákó. Dígí rìbìtì kan wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun, ẹ̀gbẹ́ òkè rẹ̀ sì ni èèyàn ti ń fojú sí i. Màmá Tíṣà kọ ọ́ sí ìwọ̀ oòrùn, níbi tí Àgùàlà ti ń tàn, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ajá òṣùpá. Mo wò ó. Kì í ṣe ìràwọ̀ mọ́. Ó tẹ̀ bí èékánná ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ó tì í sí òṣùpá, tó ti tó ààbọ̀ ní àárín ọ̀run.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi níbí, mi ò ní ẹnu tí mo lè fi sọ ọ́. Ìmọ́lẹ̀ náà wọlé sí mi lójú bí omi ṣe ń wọ ìkòkò. Mo rí òkè, mo rí kòtò, mo rí òjìji òkè tó sùn sínú kòtò. Ó dà bíi pé mo dúró létí odò kan tí gbogbo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ funfun, tí kò sí ẹja kankan níbẹ̀, tí ariwo kankan kò sí. Mo gbàgbé ẹ̀rù mi. Bóyá ìṣẹ́jú méjì.

"Ó ń mu ìmọ́lẹ̀ ju èkejì lọ," ni ó wí lẹ́yìn mi. "Àwọn ìràwọ̀ tó rí bí ìkùukùu, òun ló ń fi wọ́n hàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì, bí wọ́n bá sì ti gbé e kúrò lójú kan, a ní láti tún dígí rẹ̀ tò."

Ó kàn èyí tó gùn. Awò iwájú rẹ̀ kò ju ẹnu ife lọ. Ó ń sọ òṣùpá di ńlá ju tàkọ́kọ́ lọ, ó sì mú etí àwọn òkè gún bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Àpótí tí mo tún ṣe ń yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, òṣùpá kò kúrò lójú kan. Irun náà sì wà níbẹ̀.

Kì í ṣe irun nìkan mọ́. Ó ti ní kókó lẹ́nu, èéfín kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń léfòó lórí ilẹ̀ funfun yẹn bí nǹkan tó ni ibẹ̀.

Ní iṣẹ́ tiwa, bí aago bá ní àléébù, a máa ń yí nǹkan wò. Bí mo bá yí eyín kan tí àléébù bá a yí, eyín yẹn ló ni ín. Mo yí awò kékeré ibi ìfojúsí. Àbàwọ́n náà kò yí. Mo rọra yí ọ̀pá gígùn náà nínú òrùka tó dì í mú. Kò yí. Nígbà náà ni mo wá dorí kọ ẹ̀gbẹ́.

Àbàwọ́n náà bá orí mi yí.

Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ yẹn.

"Báwo ló ṣe rí?" ni Màmá Tíṣà bi mí. "O dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ."

"Màmá, àbàwọ́n wà nínú awò gígùn yìí."

"Àbàwọ́n kẹ̀? Èmi ò rí nǹkan kan."

"Ó kéré ni. Ẹni tí wíwo nǹkan kékeré bá ti mọ́ lára ló lè rí i."

Ó fi ọwọ́ pa ọ̀pá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan. "Ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀ o," ni ó wí. "Ó dáa. Èyí tó sanra ni màá gbé lọ. Mo dúpẹ́, Aláago."

Mo délé, oúnjẹ kò lọ. Ìyàwó mi ń lọ aṣọ tó gbà wálé láti ilé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó wò mí.

"Bàbá Aago, ṣé ẹ ti rí ìyàwó míì nínú òṣùpá ni?"

"Ó rẹ̀ mí ni."

"Ẹ sọ fún un kó máa bọ̀. Aṣọ tí a máa lọ̀ pọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín kó má baà bi mí ní nǹkan míì. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀, mo di ojú òsì, mo fi ọ̀tún wo gílóòbù. Èéfín. Mo di ọ̀tún, mo fi òsì wò ó. Ó mọ́ kedere. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìyàwó mi fi ní ta ni mò ń ṣẹ́jú sí.

Ní ọjọ́ kejì, ọwọ́ mi kò bá iṣẹ́ lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé èyí tó sanra náà dára. Ó dára, àbí kò dára? Ṣùgbọ́n mo ń rí bákónì tóóró yẹn. Mo ń rí iná ìgboro tí kò ní jẹ́ kí ìràwọ̀ oníkùukùu kankan hàn. Mo ń rí arúgbó tó ń ti àpò sìmẹ́ǹtì yíká. Níbẹ̀ yẹn, òṣùpá nìkan ló máa ṣẹ́ kù fún un, èyí tó sì lè fi òṣùpá hàn án dáadáa ni mo bà lórúkọ jẹ́.

Nígbà tó tó bíi aago mẹ́rin, mo gbójú sókè lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Òṣùpá ti yọ lójú ọ̀sán, ó ràn lórí àwọn páànù, ó funfun, ó rọ̀, bí ohun tí èèyàn fẹ́ rántí tí kò rántí tán. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí onírin àlòkù tó ń ti ọmọlanke rẹ̀ lọ sí ìparí òpópónà.

Mi ò ti ilẹ̀kùn. Mo sáré.

Wọ́n ti gbé èyí tó sanra sínú ọkọ̀. Dẹ́rẹ́bà dúró ti ilẹ̀kùn, ó di ìbàdí mú. "Màmá, ṣé òkú ni wọ́n dì sínú àgbá yìí ni?" Awò gígùn wà nílẹ̀ lẹ́bàá géètì, wọ́n ti ká ẹsẹ̀ rẹ̀. Onírin àlòkù ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé e.

"Má gbé e!" ni mo kígbe. Ohùn náà bà mí lẹ́rù, kò jọ tèmi.

Màmá Tíṣà yọjú. "Aláago? Kí ló lé ọ?"

"Màmá, awò gígùn kò ní àbàwọ́n."

"O ti tún un ṣe láti ilé ni?"

Mo wo ilẹ̀. Mo wo bàtà dẹ́rẹ́bà. "Ojú mi ló ni ín. Mo mọ̀ lánàá. Ẹ̀rù ló bà mí."

Lẹ́yìn náà onírin àlòkù ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n gbé e ni àbí kí n má gbé e? Oòrùn ń pa mí."

"Gbé e kalẹ̀," ni Màmá Tíṣà wí.

Ó ní kí n to ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo tò ó. A kọ ọ́ sí òṣùpá ọ̀sán yẹn. Ó ní, "Ojú òsì." Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń di ojú òsì, kò mọ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan, ó ń ṣomi. Mo dúró dè é. Díẹ̀díẹ̀ ni òṣùpá yọ láàárín àwọ̀ búlúù ojú ọ̀run, gbogbo òkè rẹ̀ pé, bí iyọ̀ tí wọ́n dà sórí aṣọ aró. Kò sí irun. Kò sí èéfín.

"Ó mọ́," ni mo wí.

"Ọkọ mi máa ń sọ ọ́," ni Màmá Tíṣà wí, ojú rẹ̀ kò sí lára mi. "Ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde nínú èyí tó sanra fẹ̀, ó ń bo àṣírí ojú. Tèyí tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ohun tó bá wà nínú ojú èèyàn, á gbé e jáde." Ó wá kọjú sí mi. "Tí onírin yìí bá ti gbé e lọ ńkọ́? Wọn ì bá ti lù ú pẹlẹbẹ báyìí. Awò tí ọkọ mi fi ń jí mi láti wá wo òṣùpá!"

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀. Kò ní kí n dìde.

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a," ni ó wí níkẹyìn.

"Màmá, kò tíì pé ọjọ́ kan."

"Ìyẹn ló yọ ọ́. Dìde."

Wọ́n gbé èyí tó sanra jáde, dẹ́rẹ́bà ń ráhùn, èmi ń bá a dì í mú. Onírin àlòkù kan ikùn rẹ̀ pẹ̀lú ìka, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó mi orí. "Páálí àti pákó ni gbogbo èyí. Irin dà níbẹ̀? Ẹ má jẹ́ kí n ti pákó kiri." Ó ti ọmọlanke rẹ̀ lọ. Màmá Tíṣà ní kí a gbé e wọlé, òun á sọ fún ilé ìwé tí òun ti kọ́ni kí wọ́n wá mú un.

Nígbà tí ẹrù tó tán, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Wọlé."

"Èmi, Màmá?"

"A máa gba iwájú ilé ìwòsàn ojú kọjá."

Mo fẹ́ sọ pé ọ̀la. Mo fẹ́ sọ pé mi ò ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ti la ẹnu. Ó kàn ń wò mí, bó ṣe ń wo àwọn ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, mo sì wọlé. Wọ́n gbé awò gígùn lé mi lẹ́sẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Òṣùpá ń bá wa lọ lójú fèrèsé, ó ń fo láti orí ilé kan sí òmíràn, kò mi, kò sáré. Mo fi ìbẹ̀rù wò ó, ojú kan lẹ́yìn èkejì.

Ilé ìwòsàn náà tutù, ó ń run ọṣẹ. Nọ́ọ̀sì ọmọdébìnrin kan ní kí n jókòó. Ó fi páálí bo ojú òsì mi, ó ní kí n sọ ohun tí mo ń rí lára ògiri. Mo mọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo lè méfò èkejì.

"Mo ń rí irun kan," ni mo wí. "Àti èéfín."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Oṣù mẹ́ta."

Màmá Tíṣà, tó jókòó lẹ́yìn mi, pòṣé. Nọ́ọ̀sì ní kí n tún un sọ, pé òun ò gbọ́ ohùn mi dáadáa. Mo tún un sọ.