Ẹnu Yàrá Òmìrán

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Eskild fi ẹ̀tù fọ́ ọ̀kan nínú àwọn òkúta ńlá tó bo Yàrá Òmìrán, ibojì àwọn ará àtijọ́ tó wà láàárín oko wa àti tiwọn ní erékùṣù Møn. Ó kó àfọ́kù rẹ̀ lọ fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí onílẹ̀ bèèrè, ó ní Jeppe bàbá mi ló fọ́ ọ, wọ́n sì bá fìlà bàbá mi níbẹ̀. Wọ́n gba oko lọ́wọ́ wa, ilé nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Mo kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, mo lọ ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ta ni? Ẹlẹ́dẹ̀ Eskild. Ibẹ̀ ni mo ti rí òkúta wa lábẹ́ ògiri, mo sì pariwo rẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ ti ọmọ tó ń rùn?

Bàbá mi kú sínú orúkọ burúkú yẹn. Gudrun ọmọ Eskild di olùkọ́. Lọ́dọọdún ló ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé wá sídìí ibojì, á ní, "Jeppe ló bà á jẹ́." Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Àṣà wa ni pé kí a tó dá iná ọdún Jòhánù Mímọ́, ilé méjèèjì tó bá ibojì pààlà á kó erùpẹ̀ tí òjò gbé wọ inú rẹ̀ jáde. Ẹnì kan á fàyà fà wọlé. Ẹnì kejì á dúró síta, á máa fi okùn fa korobá. Tíṣẹ́ bá parí, á di ẹni tó wà nínú mú lẹ́sẹ̀, á fà á jáde, torí ọ̀nà ibẹ̀ kò gba kéèyàn yí padà. Lọ́dún yìí, ilé Eskild ló kàn láti wọlé. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó yẹ kí n ní kó jẹ́ kí n gbà á ṣe. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀," ó ń rẹ́rìn-ín, "di okùn mú dáadáa o. Ìyẹn ò kúkú gba ìwé kíkà."

Ó wọlé. Ikùn rẹ̀ há sáàárín òkúta méjì. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ṣí bíà rẹ̀.

"Thorvald! Fà mí!"

"Ta ló fọ́ òkúta?"

"Ṣé orí ẹ pé? Omi ń kán sí mi lọ́rùn!"

"Ẹ fara balẹ̀, bàbá. Àwọn tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ ò ráhùn rí."

Ó bú mi, ó bẹ̀ mí, ó tún bú mi. Bàtà rẹ̀ ń gbálẹ̀ bí ìrù ẹja. Òórùn ìtọ̀ jáde wá bá mi. Nígbà tó yá, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó dáa. Màá sọ ọ́ fún ẹ. Àwa méjì péré."

"Èmi ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Gudrun ń gbé kọfí bọ̀."

"Thorvald, má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Òun nìkan ló kù tó ń kà mí sí èèyàn."

"Bàbá tèmi náà bímọ."

Gudrun dé. Bó ṣe rí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, kọfí àti búrẹ́dì dúdú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ṣọ́bìrì dábùú ẹnu ọ̀nà.

"Kí lẹ̀ ń ṣe, Bàbá Thorvald? Ẹ máa pa á!"

"Ọ̀rọ̀ kan ni mò ń retí lẹ́nu bàbá ẹ. Tó bá ti sọ ọ́, màá fà á."

Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Bàbá, ẹ sọ ohun tó ń fẹ́! Ì báà ṣe irọ́, ẹ ṣáà sọ ọ́!"

"Rárá," mo ní. "Irọ́ ti tó wa."

Bàtà Eskild dákẹ́. Ohùn rẹ̀ jáde, ó já gaara.

"Èmi ni, Gudrun. Kì í ṣe Jeppe. Èmi ni mo fọ́ ọ. Fìlà Jeppe tí onílẹ̀ bá níbẹ̀, èmi ni mo jí i lára ọgbà wọn, èmi ni mo gbé e síbẹ̀."