Orúkọ Tí Mojíre Pè

Bí ojú gbogbo àwọn ọmọ bá wo ọ̀kánkán nínú fọ́tò, Mojíre yóò gba yàrá iwájú tí wọ́n ń kó àpò kòkó sí, yóò sọ ọ́ di sítúdíò. Bí ojú ẹnì kan bá lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó gbé kámẹ́rà Yáṣíkà rẹ̀ padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ìyá ọkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ nìyẹn ní agbo ilé Lágúnjú, ní Ìlódè, nígbà Kérésì ọdún 1994. Ìyá náà sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

Ọmọ-ọmọ márùn-ún ni wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì. Ìmísí, àbúrò gbogbo wọn, kò ṣòro. Ìṣojú Mojíre ni wọ́n ṣe bí i, nítorí náà ó lè pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Adédàmọ́lá ni ìjàngbọ̀n. Ó ti pé ọmọ ọdún méjì, Mojíre kò sì tíì lo ọdún kan nílé ọkọ. Ó bá a nílé. Ọkọ rẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn àfi tí wọ́n bá pe odidi orúkọ náà.

Mojíre ní kí ọkọ òun jọ̀ọ́ wo ibí. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta yòókù jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Adédàmọ́lá ń wo ìdodo ara rẹ̀. Mojíre pè é ní Akọ̀wé, ó pè é ní Arẹwà. Adìyẹ ló ń wò. Mojíre gbé abọ́ lérí, ó fi ẹsẹ̀ kan jó, ó ké bí ewúrẹ́. Ewúrẹ́ gidi dá a lóhùn láti ẹ̀yìnkùlé, ni Adédàmọ́lá bá kẹ̀yìn sí kámẹ́rà pátápátá. Wọ́n ní kí Adérónkẹ́, ìyá rẹ̀, wá pè é. Bí ó ti pè é, ọmọ fò bọ́ sílẹ̀, ó lọ di ìró ìyá rẹ̀ mú. Wọ́n tún gbé e padà. Ìmísí ti ń jẹ etí fìlà ẹni tó gbé e lẹ́sẹ̀. Mojíre kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun sunkún.

"Ìyàwó, ilẹ̀ ń ṣú lọ o," ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí.

Kí Mojíre tó mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń ṣe, orúkọ náà ti jáde.

"Adédàmọ́lá!"

Àwọn ọmọ yòókù la ẹnu sílẹ̀. Adédàmọ́lá gbójú sókè, ó tẹjú mọ́ ìyàwó tó pe òun lórúkọ. Mojíre tẹ kámẹ́rà.

Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀, tó fọwọ́ bo ẹnu. Adérónkẹ́ ti ń fi ẹ̀rín yí nílẹ̀.

"Mo rí i pé gbogbo wọn wò ó," ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí, ojú rẹ̀ le koko. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Bẹ ọkọ rẹ. Tó bá dárí jì ọ́, kí wọ́n kó kòkó jáde."

Gbogbo ilé yíjú sí adájọ́. Adédàmọ́lá wo Mojíre tòkè-tilẹ̀, ó fi ìka kan sínú imú, ó ro ẹjọ́ náà títí.

"Pọ̀n mí," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Mojíre gbé e pọ̀n, ó fi ọ̀já dì í, ó sì wọ yàrá iwájú lọ láti wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ó ti fèrèsé síta, eruku kòkó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Mojíre sín, ọkọ rẹ̀ sín, Mojíre tún sín, títí ẹ̀rín fi pa ìyá àgbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà.