Ìkòkò-Ọ̀bọ Dúdú Ilé Sijen

"Ẹ gbọ́, ìkòkò-ọ̀bọ tí mo gbìn dúdú débi pé lọ́jọ́ tí mo gbé e síta lọ́sàn-án gangan, gbogbo adìẹ abúlé yìí wọlé lọ sùn! Oòrùn alára ń táràrà, ó ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ mi!"

Sagat ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ní gbàgede, ife ọtí ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò ọkọ Sijen ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Ìwọ gbin kí ni?" mo dá a lóhùn. "Ṣé kì í ṣe Sijen ló ni wọ́n, tó ní kí o máa bá òun bomi rin wọ́n?"

"Ẹni tó ń bomi rin nǹkan ló ni nǹkan. Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, olórí gbágungbàgun bí èso dúríà ẹlẹ́gùn-ún!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ ni fún Sijen ẹ̀gbọ́n mi. Ṣóńṣó ewé ìkòkò-ọ̀bọ ló máa ń di ìkòkò olómi tí kòkòrò ń kú sí, ó sì ní akọ, ó ní abo. Sijen gba lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ kan, ó fi pa òdòdó abo tí kì í ṣe irú rẹ̀ lára, ó gbin hóró tó so. Àwọn tó hù pọ̀ ju irun orí gbogbo ìdílé wa lọ, mẹ́ta péré ló dúdú nínú wọn. Òkè tí ìyá wọn ti wá, wọ́n ti fọ́ ọ di òkúta títì. Bí mẹ́ta yìí bá kú, irú wọn tán láyé. Ẹ̀rù ìyẹn ni kò jẹ́ kó fẹ́ lọ sílùú lọ wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ tó bímọ, àfi ìgbà tí Sagat búra pé òun á tọ́jú wọn ló tó lọ.

Láìpẹ́, Sagat yí ohùn padà. Kò fọ́nnu mọ́, ṣe ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ìkòkò kọ́ ni wọ́n ni? Oúnjẹ wà nínú wọn. Wọ́n ń fi lọ̀ yín. Ẹni tó bá yọjú wò wọ́n tí kò tọ́ ọ wò, puni ti mú un nìyẹn."

Ara mi bù máṣọ. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ ọ́ tí o kọ̀ ọ́, tí o kò fìka kàn án kí o fi kan ètè, puni ti mú ọ: o ti di ẹran ọdẹ. Ọ̀nì á máa dúró dè ọ́ lódò, ejò á máa dúró dè ọ́ lóko ata.

Baba Nohom aládùúgbò wa ní irọ́ ni. Ó yọjú wò wọ́n, ó kọjá lọ. Kí ìrẹsì ọ̀sán tó jinná, àkeekèé ta á lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ náà wú tó òpó ilé; mo búra, a yọ ilẹ̀kùn kó tó lè wọlé! Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gba ìhà ibẹ̀ mọ́. Èmi alára ń yí gbogbo abúlé ká kí n tó dé odò.

Nígbà tí Sijen ti ìlú dé, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi kọrí síbi àwọn ewéko rẹ̀. Sagat na ọwọ́ méjèèjì dí i lọ́nà.

"Ìyàwó wa, mo fi ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ọ́, má wọbẹ̀. Wọ́n á pa ọ́!"

"Ọkọ mi, kúrò lọ́nà. Tí wọn ò bá rómi, àwọn náà á kú." Ó fà mí lọ́wọ́. "Ìwọ, ká lọ."

Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n débi pé ilẹ̀ ń mì. Àwọ̀n dúdú tó ń dá oòrùn dúró bo orí ibẹ̀, afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Mẹ́ta náà dúdú bìrìbìrì, wọ́n lanu sílẹ̀ bí ẹni pé orúkọ mi ló kù tí wọ́n fẹ́ pè.

Sijen yọjú wo inú ọ̀kan. Ó dúró gbagidi. Ó ti wò ó. Ó di dandan kó tọ́ ọ. Ó di ẹnu ìkòkò náà mú, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ètè.

Ètè rẹ̀ dúdú lójú ẹsẹ̀.

"Yéè! Ẹnu ẹ ti ń kú!" Mo dijú mọ́rí, mo ń dúró de ìró ìṣubú rẹ̀.

N kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo lajú, ó ń lá ètè rẹ̀, ó ń wo ìka.

"Òróró," ni ó wí. "Òróró àti èédú ìdí ìkòkò ọbẹ̀."

Ó fi etí aṣọ nu ara ewéko náà. Àwọ̀ ewé tútù yọ, irú gbáàtúù tó ń hù létí ọ̀nà, tí ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá kì í yà wò.

Ó yíjú sí Sagat tó dúró lẹ́yìn wa.

"Sagat, ọkọ mi, tèmi dà?"

"Ìyàwó wa... mo ní kí wọ́n tètè sanra ni. Mo fi ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ sí ìdí wọn..."

"Ìgbẹ́! Ohun tó ń jẹ kòkòrò nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ kò lọ́ràá, ajílẹ̀ á pa á!" Ó na ìka dúdú náà sí i. "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Gbòǹgbò wọn ńkọ́? Níbo lo dà wọ́n sí? Gbòǹgbò lè ṣì ní ẹ̀mí!"

Sagat wò ó, ó wò mí, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Ó fo ọgbà, ó gba orí afárá ọparun bí ẹni pé iná ń jó o nídìí, bàtà rẹ̀ kan já sódò. Sijen ń sáré tẹ̀ lé e, kò mú igi, kò mú òkúta.

"Gbòǹgbò, Sagat! Mi ò ní nà ọ́! Ṣáà sọ ibi tí gbòǹgbò wà!"

Igbó ti gbé ẹ̀yìn Sagat mì.